Fọ́tò Lábẹ́ Òkun: Kí Omi Má Wọ Kámẹ́rà, Kí Àwọ̀ Má Sì Ṣá

Kámẹ́rà kì í ṣe ẹrù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mòòkùn. Ìwé ẹ̀rí Open Water, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń kọ́ mòòkùn, gbà yín láàyè dé mítà 18, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé kámẹ́rà dání, ó yẹ kí ẹ lè dúró sójú kan láàárín omi fún odindi ìṣẹ́jú kan, láì gòkè, láì rì, láì fi ọwọ́ gbọn omi. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kámẹ́rà máa ń gbàgbé láti wo bí òun ṣe jìn sísàlẹ̀ tó àti iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú sìlíńdà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sé èémí kí ọwọ́ wọn má baà gbọ̀n. Ẹ má dán an wò láé. Láti mítà 10 dé ojú omi, afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó sì lè fà á ya. Ẹ máa mí lọ ní ìrọ̀rùn.

Bó bá jẹ́ Òkun Pupa ní Íjíbítì lẹ ń lọ, ní Dahab tàbí Ras Mohammed, omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ó dára fún fọ́tò. Àmọ́ iyọ̀ rẹ̀ pọ̀: nǹkan bíi gíráàmù 40 nínú kílò omi kan, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ òkun jẹ́ bíi 35. Á máa gbé yín léfòó ju bó ṣe mọ́ yín lára lọ, nítorí náà ẹ ó nílò òjé díẹ̀ sí i ní ìbàdí. Ẹ wọn òjé yìí lọ́jọ́ tí kò sí kámẹ́rà lọ́wọ́ yín.

Ó kan ọ̀rọ̀ àpótí kámẹ́rà, ìyẹn ilé tí a ń ti kámẹ́rà bọ̀ kí omi má baà kàn án, níbi tí owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣègbé. Kámẹ́rà Olympus TG-6 lè dé mítà 15 fúnra rẹ̀. Nínú PT-059, àpótí tí wọ́n ṣe fún un, ó lè dé mítà 45. Òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín òun àti òkun. Fọ́nrán irun kan péré tó bá há sábẹ́ rọ́bà náà ti tó láti jẹ́ kí omi wọlé.

Ẹ pa àpótí yín dé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti gbẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ti rọ́bà náà títí á fi yọ sókè, kí ẹ tó fà á jáde. Abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ á ha á lára. Ẹ fi ìka méjì tọ́ ọ yípo: ìka máa ń rí iyanrìn tí ojú kò rí. Ẹ fi aṣọ tí kì í tú fọ́nrán nu kòtò tó ń jókòó sí. Òwú kò dára, ó máa ń fi fọ́nrán sílẹ̀. Gírísì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe àpótí náà fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ lò, torí rọ́bà yàtọ̀ sí rọ́bà, gírísì tí kò bá a mu lè mú un wú. Èyí tó tó ìdajì hóró ìrẹsì ti tó. Kí rọ́bà máa dán, kí gírísì má hàn.

Ọ̀pọ̀ rò pé gírísì ló ń dènà omi, wọ́n á sì kùn ún nípọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtì omi fúnra rẹ̀, ìyẹn agbára tí omi fi ń tẹ nǹkan, ló ń tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ dan-in dan-in. Iṣẹ́ gírísì ni kó jẹ́ kí rọ́bà yọ̀ bọ́ sáyè rẹ̀ láì lọ́. Gírísì tó pọ̀ jù ló ń fa iyanrìn mọ́ra. Nítorí pé ìtì omi ló ń ti rọ́bà pa, mítà mélòó kan àkọ́kọ́ ni omi ti sábà máa ń wọlé, kí ìtì rẹ̀ tó tẹ rọ́bà le. Ẹ dúró ní mítà 3, ẹ wò ó. Bí ìfófòó kéékèèké bá ń tò jáde láti ojú kan ṣoṣo, ẹ gòkè padà.

Àpótí tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ omi lófìfo, pẹ̀lú bébà tíṣù nínú rẹ̀. Ẹ̀kán omi kan á hàn lórí rẹ̀. Bí ẹ bá wá ń ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́, ẹ fi àpò kékeré sílíkà, ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu, sí i níbi tí kò ti kan rọ́bà. Kámẹ́rà máa ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́, òkun sì tutù, ọ̀rinrin inú àpótí á wá sẹ̀ bí ìrì sójú gíláàsì.

Bí omi bá wọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, ẹ dojú lẹ́ńsì délẹ̀ kí omi lè gbá jọ síwájú, kó jìnnà sí bátìrì. Ẹ má sáré gòkè nítorí rẹ̀: kí ó má ju mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5.

Ní ti àwọ̀, omi a máa jẹ ìmọ́lẹ̀. Pupa ló ń kọ́kọ́ lọ, ní nǹkan bíi mítà 5. Àwọ̀ ọsàn á tẹ̀ lé e ní bíi 10, ìyeyè ní bíi 20, á wá ku àwọ̀ aró. Kì í ṣe ìjìnlẹ̀ nìkan ló ń ṣe èyí, omi tó wà láàárín yín àti ẹja náà ń bẹ lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ sún mọ́ ọn. Kí ó má ju mítà kan lọ; 30 sẹ̀ǹtímítà sàn jù. Fífa àwòrán súnmọ́ pẹ̀lú lẹ́ńsì kò yọ omi àárín kúrò. Ojú náà sì ń tanni jẹ: ohun tó dà bíi pé ó wà ní 75 sẹ̀ǹtímítà, mítà kan gan-an ló wà.

Fíláàṣì ń dá pupa padà, àmọ́ ti inú kámẹ́rà máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sára eruku omi tó wà níwájú lẹ́ńsì gan-an, fọ́tò á wá kún fún tóótòòtó funfun. Ẹ lo fíláàṣì tó wà lórí ọ̀pá tó yọ lára àpótí bí apá, ẹ nà án jìnnà sí ẹ̀gbẹ́, sẹ́yìn lẹ́ńsì díẹ̀, kí ẹ sì yí ojú rẹ̀ síta díẹ̀ kó má tàn sí àárín. Fún kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí ẹ yàn fúnra yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1/125 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi ń ṣí ojú), f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó) àti ISO 200 (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó). Bí kò bá sí fíláàṣì, ẹ fi pátákó funfun han kámẹ́rà kó fi dá funfun mọ̀, kí ẹ sì tún un ṣe ní gbogbo mítà 3 tí ẹ bá lọ sísàlẹ̀ tàbí sókè. Ẹ máa pa fọ́tò mọ́ ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, kí ẹ lè tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tó bá yá.

Ẹ yà á láti ìsàlẹ̀ sókè. Èyí tí a yà láti òkè máa ń mú ẹja pòórá sínú àpáta. Ẹ má lé ẹja, ìrù rẹ̀ nìkan ló máa wà nínú fọ́tò yín. Ẹja clown ti Òkun Pupa kì í jìnnà sí ẹ̀dá bí òdòdó tó fi ṣe ilé. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, á padà wá. Iyùn inú òkun tó wà yí i ká náà jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí: ẹ má fara tì í, ẹ má sì fi bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ ru iyanrìn lé e.

Bí ẹ bá gòkè, ẹ rẹ àpótí sínú omi tí kò ní iyọ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kí iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, kí ẹ máa tẹ gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ nínú omi náà. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ̀kán omi tó bá kù létí rẹ̀ kámẹ́rà ló máa ń bọ́ lé.