Bí mo ṣe gun ilé gogoro Ys Origin lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú láptọ̀ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ ti kú

Láptọ̀ọ̀pù mi kì í ṣe láptọ̀ọ̀pù géèmù o. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, RAM 4GB, káàdì gráfíìsì gidi kò sí nínú ẹ̀, bátìrì ẹ̀ sì ti kú débi pé tí iná bá ti ṣẹ́jú báyìí òun náà ti ṣẹ́jú nìyẹn. Ìwé ni mo fi ń tẹ̀, mo sì fi ń wo fíìmù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo ní mo fẹ́ gbá géèmù lórí ẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní "Bùọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí arúgbó yìí sinmi." Mi ò dá a lóhùn. Mo ti mọ ohun tí mò ń wá: géèmù àwọn ará Jàpáánì, èyí tó jẹ́ ìjà tó sì tún ní ìtàn, tí akọni á máa dàgbà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jà, àmọ́ tí kò ní í ní kí n lọ ta ilẹ̀ bàbá mi kí n tó lè ra kọ̀ǹpútà tó máa gbé e.

Ibi tí mo ti rí Ys Origin nìyẹn. Íìsì ni wọ́n ń pe Ys yẹn, orúkọ ilẹ̀ kan ni nínú ìtàn ọ̀hún, èmi ti rò pé ìgékúrú ni. Ilé iṣẹ́ Nihon Falcom ló ṣe é, wọ́n ti wà látọdún 1981, Ys àkọ́kọ́ wọn sì jáde lọ́dún 1987. Origin yìí jáde ní Jàpáánì ní oṣù December 2006, orí kọ̀ǹpútà nìkan ló sì wà nígbà yẹn, ó wá di 2012 kí ilé iṣẹ́ XSEED tó gbé ti èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo rí 2006 yẹn mo ní a ti gbà á, ohun tí kọ̀ǹpútà 2006 gbé, arúgbó mi á gbé e.

Rírà á gan-an ló fẹ́ dá mi lágara. Mo ti dúró títí wọ́n fi já owó ẹ̀ wálẹ̀, mo tẹ nọ́ńbà káàdì mi, ó kọ̀, mo tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Mo lọ bá báǹkì mi (n ò ní dárúkọ wọn), mo tò lórí ìlà títí oòrùn fi wọ̀ mí lára, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wá sọ fún mi pé káàdì náírà tèmi yìí kò ṣe é fi ra ọjà ilẹ̀ òkèèrè. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọbáńtókò tó ní káàdì dọ́là ló bá mi rà á ránṣẹ́ bí ẹ̀bùn, mo ka náírà fún un lọ́wọ́. Mo fi dátà òru wà á sọ̀kalẹ̀, ó kéré sí àwọn géèmù ayé òde òní tó máa ń gba 50GB àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti wọlé tán.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wọ ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Mo dín ìwọ̀n àwòrán kù, mo pa gbogbo nǹkan tó máa ń jẹ́ kí etí àwòrán dán, mo ti Chrome àti gbogbo ohun tó kù, ló bá ń sáré geere. Kíbọ́ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ lò, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, mo lọ ra páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù ní Pansẹ́kẹ́, ayé wá dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá páàdì.

Ìtàn ẹ̀ wá ni mo fẹ́ kí ọmọ Ẹ̀gbá gbọ́. Òrìṣà obìnrin méjì ló ń ṣọ́ ilẹ̀ Ys, Feena àti Reah, ìbejì ni wọ́n. Àwọn àǹjọ̀nú dìde sí ìlú, àwọn ará ìlú ò rí ibi sá sí mọ́, ni wọ́n bá gbé ààfin wọn lọ sójú ọ̀run. Àwọn àǹjọ̀nú náà ò gbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé gogoro kan tí wọ́n fẹ́ fi bá wọn lókè. Bí mo ṣe ń ka ìyẹn, Olúmọ ni mo ń rò. Àwọn bàbá wa náà, ìgbà tí ogun le wọn, abẹ́ àpáta ni wọ́n sá sí, àwọn tiwa lọ sábẹ́, àwọn tiwọn lọ sókè, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn ìbejì yẹn wá yọ́ sọ̀kalẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó kù lókè wá rán àwọn jagunjagun àti onídán pé kí wọ́n lọ wá wọn, inú ilé gogoro yẹn sì ni gbogbo géèmù ti ṣẹlẹ̀. Àjà 25. Kò sí ìlú tí ẹ fẹ́ lọ bẹ̀ wò, kò sí ọjà, kò sí oko, ẹ ṣáà máa gùn ún lọ. Ó jẹ́ 700 ọdún kí Adol onírun pupa tó máa ń wà nínú àwọn Ys yòókù tó dé, torí náà ẹ ò nílò láti mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Ẹni méjì ló máa ń wà níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú ọ̀kan. Yunica Tovah ni mo mú, ọmọ-ọmọ àlùfáà tí kò lè pidán rárá, ó wá gbé àáké tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun fúnra ẹ̀. Ìjà ẹ̀ rọrùn láti mọ̀, kò rọrùn láti ṣe. Ẹ máa gé, ẹ máa fò, ẹ máa lo agbára mẹ́ta tẹ́ ẹ máa rí lọ́nà: afẹ́fẹ́, àrá, iná. Afẹ́fẹ́ yẹn ló máa ń gbé Yunica kọjá àlàfo tí ẹsẹ̀ lásán kò lè dé. Tẹ́ ẹ bá ń pa wọ́n léraléra láìsinmi EXP (máàkì tó ń mú akọni dàgbà) á máa gbé pẹ́ẹ́lí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni pé kò sí oògùn. Nínú àwọn géèmù tí mo ti ń gbá, mo máa ń kó oògùn sápò bí ìyá olóògùn, tọ́rọ̀ bá le mo gbé ọ̀kan mu. Níbí, rárá. Àyàfi kí àǹjọ̀nú tẹ́ ẹ pa já ewé sílẹ̀, tàbí kí ẹ dé ibi ère òrìṣà.

Ère yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ èmi àti iná ti wọ̀. Níbi ère nìkan lẹ ti lè fi géèmù pamọ́. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa ń fi SP, tó dà bí owó inú géèmù ọ̀hún, ra ìbùkún tó máa fún yín lágbára. Ọjọ́ kẹta, mo ti gbá fún bíi wákàtí kan àtààbọ̀ láìdé ère, mo kù díẹ̀ kí n débẹ̀, mo tilẹ̀ ti ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, iná lọ. Páá. Ìyá mi gbọ́ igbe tí mo ké láti kíṣínì, wọ́n sáré wọlé, "Kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú mà, géèmù ni. Wọ́n wò mí látorí dé ẹsẹ̀, wọ́n padà sídìí láfún tí wọ́n ń rò, gbogbo alẹ́ yẹn wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ ju "jẹun" lọ. Látìgbà yẹn mo di ẹlẹ́sìn ère. Mo máa pa àǹjọ̀nú mẹ́wàá, mo padà sẹ́yìn lọ fi pamọ́. Tí iná ò bá sí rárá mo máa gbé láptọ̀ọ̀pù lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àdúgbò wa tó ní jẹnẹrétọ̀, mo jókòó sí igun, àwọn oníbàárà tó ń dúró de irun gígẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí nímọ̀ràn. "Fò! Fò ná! Ẹ̀yìn ẹ!" Ẹni tí ò gbá géèmù rí láyé ẹ̀ o.

Àwọn ọ̀gá àǹjọ̀nú ló wà fún ìjà gidi. Èyí àkọ́kọ́ ń jẹ́ Velagunder, òmìrán ni. Ó pa mí títí n ò ka iye ẹ̀ mọ́. Mo ti fẹ́ bínú yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà kí n tó rí i pé èmi ni mò ń ṣe àṣìṣe: mo ń sáré lọ bá a láti gé e. Nínú Ys, ẹ máa kọ́kọ́ kú lẹ́ẹ̀méjì mẹ́ta tẹ́ ẹ ò ní í gé e rárá, ẹ kàn máa sá, ẹ máa wo ohun tó ń ṣe kó tó gbọ́wọ́ sókè. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ijó, ẹ wá bọ́ sí i. Ohun kejì ni lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, ìpele agbára akọni yín. Mi ò ì tíì rí géèmù tí lẹ́fẹ̀ẹ̀lì kan ṣoṣo ti ń ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè máa gé ọ̀gá kan kó máa dà bíi pé ẹ̀ ń fi ìyẹ́ adìyẹ nà án, ẹ padà lọ gba lẹ́fẹ̀ẹ̀lì méjì, ẹ wá, ẹ rí i tó ń ké. Nítorí náà tó bá pa yín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má kàn fi orí kunkun, ẹ padà lọ jà nísàlẹ̀ díẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Nygtilger, ọ̀kùn ńlá kan tó gùn bíi rélùwéè tó ń kọjá ní Láfẹ́nwá, tẹ́ ẹ bá rò pé ó ti kọjá tán ìrù ẹ̀ ṣì ń bọ̀. Orin tó ń lọ lábẹ́ ìjà ẹ̀ nìkan tó owó géèmù. Orin Falcom, gìtá tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, fáólìnì wá wọ àárín ẹ̀. Àbúrò mi tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, òun ló wá ń sọ pé "Bùọ̀dá mi, ẹ gbé sáùǹdù sókè."

Mo parí ti Yunica, nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án ni, n ò ka ti ìyọnu iná mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ mi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń dúró nìyẹn, àṣìṣe sì ni.

Ẹni kejì ni Hugo Fact, onídán, agbéraga ọmọ. Ilé kan náà, àwọn àǹjọ̀nú kan náà, àmọ́ ìjà ẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá torí kì í súnmọ́ ẹni, ọta ni ó máa ń yìn, bíi géèmù ọkọ̀ òfuurufú ayé àtijọ́, ẹ di bọ́tìnì mú ó ń ya bí òjò. Ó rọ̀ mí lọ́rùn ju Yunica lọ. Ọmọbìnrin àǹjọ̀nú kan wà tó ń jẹ́ Epona tí ọ̀rọ̀ òun àti Hugo di nǹkan míì, mi ò rò pé irú ìyẹn lè wọ̀ mí lára nínú géèmù tí kò lóhùn, ọ̀rọ̀ lásán lẹ máa ń kà, wọn ò sọ nǹkan kan jáde lẹ́nu. Ó wọ̀ mí lára.

Nígbà tí mo parí àwọn méjèèjì ni mo wá mú ẹnìkẹta. Wọ́n ń pè é ní The Claw, Toal Fact ni, ẹ̀gbọ́n Hugo tẹ́ ẹ ti ń rí ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀tá látìbẹ̀rẹ̀. Èékánná ló fi ń jà, ó yá bíi mànàmáná. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni òótọ́ ìtàn wà. Gbogbo ohun tí mo rò pé mo ti mọ̀ nínú ti Yunica àti ti Hugo, apá kan ni, bíi kéèyàn gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹni méjì tí wọn ò sí níbẹ̀, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn wá wọlé jókòó. Ọ̀gá tẹ́ ẹ máa bá jà gbẹ̀yìn gan-an yàtọ̀. N ò ní sọ bó ṣe parí. Mo kàn máa sọ pé ẹni tó bá dúró sórí Yunica nìkan tó ní òun ti parí Ys Origin, kò tíì parí ẹ̀.

Àléébù wà. Gígun ilé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta yẹn mo ti mọ kọ̀rọ̀ gbogbo bí ẹni tó ń lọ ra ata ní Kútọ̀, ó sú mi láwọn àárín kan. Kámẹ́rà ò ṣe é yí, ibi tó bá fẹ́ ló ń wò, ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ fò láti pèpéle kan sí òmíràn, ẹ ò ní í mọ̀ bóyá iwájú ni àbí ẹ̀gbẹ́, ẹ ti já bọ́. Mo ṣépè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkà náà pọ̀, tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kàwé ẹ máa fò ó, tẹ́ ẹ bá fò ó ẹ máa pàdánù Toal. Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, Toal nìkan ló gbé e kúrò ní méje.

Ní báyìí àbúrò mi ti gba páàdì. Hugo ló mú, ìwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Normal, ó ti ń bá Velagunder jà láti àná, ó ń sáré lọ bá a tààrà, ó ń kú. Lẹ́ẹ̀kan ó bi mí pé "Bùọ̀dá mi, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Mo ní kó bi àwọn tó ń gẹ irun nísàlẹ̀.