Àṣìṣe tẹ́ ẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá háyà kẹ̀kẹ́ ẹṣin yí Abẹ́òkúta ká

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin táwọn èèyàn ń háyà fún ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí ní Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ sọ, torí ohun tójú mi rí lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin, mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Èrò wa dáa o. A ní kí kẹ̀kẹ́ gbé ọkọ àti ìyàwó láti Aké, kó kọjá níwájú Centenary Hall, kó gba apá Ìtòkú táwọn aládìrẹ wà, kó dé ẹsẹ̀ òkè Olúmọ fún fótò. Ọ̀nà yẹn ò jìn rárá lójú ẹni tó ń gun ọ̀kadà, ibẹ̀ gan-an la sì ti ṣìṣe, mọ́tò la fi wọn ọ̀nà, a ò ro ti ẹṣin.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìlú wa, abẹ́ òkúta ni lóòótọ́, bó o ṣe ń gòkè báyìí lo tún ń sọ̀. Nígbà táwọn baba wa tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ débí ní 1830, ibi tó ṣòro fọ́tá láti ya wọ̀ ni wọ́n ń wá, òkúta yìí sì gbà wọ́n. Ohun tó dáàbò bò wọ́n nígbà yẹn náà ló ń fojú ẹṣin rí màbo lónìí.

Gígun òkè kọ́ ló le jù o, sísọ̀ ni. Tí ẹṣin bá lágbára á fa kẹ̀kẹ́ gòkè, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ń sọ̀, kẹ̀kẹ́ ló máa wá máa ti ẹṣin látẹ̀yìn. Awọ fẹ̀ǹfẹ̀ kan wà tó yẹ kó yí ìdí ẹṣin ká, òun lẹṣin fi ń dá ẹrù dúró, kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ sì yẹ kó ní bírékì. Èyí tá a háyà ò ní bírékì, awọ yẹn gan-an, okùn ọ̀rá ni wọ́n fi so ó mọ́ra, a ò sì wò ó, òdòdó tí wọ́n fi ṣe kẹ̀kẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ là ń wò.

Bá a ṣe dé ìdàgẹ̀rẹ́ kan, mo ń gbọ́ pátákò ẹ̀ ko-ko-ko lórí ọ̀dà, ó ń yára sí i, lójijì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan yọ̀, igi kẹ̀kẹ́ sì gbá a nídìí. Àbúrò mi di ọwọ́ ọkọ ẹ̀ mú débi pé àmì òrùka hàn lára àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Bàbá tó ń dà á bẹ́ sílẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ìjánu, ọmọkùnrin kan ládùúgbò sáré gbé òkúta sábẹ́ táyà, Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹṣin yẹn ń gbọ̀n. Mo gbọ́wọ́ lé e lọ́rùn, ó gbóná bí ìkòkò, ìfófòó sì ti bò ó láyà.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo kẹ̀kẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé e sí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ bírékì lójú yín, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà pẹ̀lú ẹni tó máa da ẹṣin. Tó bá ní ibi báyìí ga jù, ẹ má bá a jiyàn, ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́jú tàbí kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n rìn ín. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ fagi lé e, torí ọ̀dà tó tutù máa ń yọ̀ mọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀, pàápàá tó bá wọ bàtà irin.

Ẹ wo ẹṣin náà fúnra ẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ igbó ò fi bẹ́ẹ̀ gba ẹṣin, látijọ́ Ọ̀yọ́ ló ń fẹṣin jagun tí wọ́n ń rà á látòkè Ọya, ṣùgbọ́n nínú igbó eṣinṣin tsetse máa ń kó àìsàn ràn án. Tẹ́ ẹ bá rí ẹṣin tí egungun ìhà ẹ̀ hàn, tójú ẹ̀ rọ, tó ń tiro, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Ẹ fìka méjì fa awọ ọrùn ẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, tí ò bá padà sípò lójú ẹsẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹṣin lè mu omi tó lítà 20 sí 40 lójúmọ́, tóòrùn bá mú á tún jù bẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì 25 kan péré ò tó. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ọ̀sán gangan là ń ṣe é, torí ẹni tó ń ya fídíò ní ìgbà yẹn lòun ráyè.

Ariwo ńkọ́? Onílù ń lù ú sétí ẹṣin, sípíkà ń ké, ọmọdé ń yin báńgà, gbogbo wa ń ní ayẹyẹ ni. Ẹ̀rù ló máa ń mú ẹṣin sá, kì í ṣe oríkunkun. Ìhà lojú ẹ̀ wà, kì í rí ẹni tó bá dúró sí gààràgà ìdí ẹ̀, kì í sì í rí ohun tó wà lábẹ́ imú ẹ̀ gan-an, torí náà ẹ̀gbẹ́ èjìká ni kẹ́ ẹ ti máa sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá ti dá etí méjèèjì sẹ́yìn tó lẹ̀ mọ́rí, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí onílù ṣíwájú, kó jìnnà díẹ̀.

Ẹ má kó èèyàn mẹ́fà sórí kẹ̀kẹ́ èèyàn méjì torí pé ẹbí pọ̀. Ẹ ká etí agbádá àti ìró yín sókè kúrò níbi táyà, aṣọ òkè tí táyà bá wé, ó máa fa ẹni tó wọ̀ ọ́ ni. Ẹ má sì fún ẹṣin ní kéèkì tàbí ìrẹsì ayẹyẹ, ẹṣin kì í lè bì, ohun tí ò bá bá a lára mu, inú ẹ̀ náà ló máa wà tí á máa run ún.

Èyí tó tún dùn mí ni pé a gba Aké kọjá láìsọ nǹkan kan fáwọn àlejò tó wá láti Ìbàdàn àti Èkó. Ta ló máa sọ fún wọn pé Centenary Hall yẹn, nítorí ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú wa ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, tàbí pé nílùú yìí ni Townsend, òyìnbó míṣọ́nárì yẹn, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn ní 1859? Ẹ fi ẹnì kan tó mọ̀tàn sórí kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹṣin máa rọra rìn, kẹ́ ẹ dúró níbi tó bá yẹ.

Kẹ̀kẹ́ ò gun Olúmọ o, ẹsẹ̀ òkè ló parí sí, bàtà gogoro sì ni ìyàwó wa wọ̀. Ẹ mú sálúbàtà dání. Àtẹ̀gùn wà, líìfù náà wà, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹsẹ̀ yín sọ́kàn ju líìfù lọ. Ojúbọ wà lọ́hùn-ún, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó ya fótò ẹ̀. Nínú ihò tí wọ́n sá pamọ́ sí nígbà ogun, ẹ ó rí ibi tó kòtò kòtò lára òkúta, ibẹ̀ làwọn ìyá wa ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀. Àbúrò mi ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó ní ó ń dán bí ọlọ ilé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó dìde.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ ní kí wọ́n tú kẹ̀kẹ́ lára ẹṣin, kí wọ́n mú un lọ sábẹ́ igi, kẹ́ ẹ fúnra yín gbé omi sí i níwájú. Owó tó kù, ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ padà ni kẹ́ ẹ san án.