Ẹ má ṣe jẹ́ kí ooru pa ẹyin awọ́nríwọ́n yín

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ẹ fẹ́ kí ẹyin awọ́nríwọ́n tètè pa kí ẹ gbé ooru rẹ̀ kọjá 32°C. Lóòótọ́, ọjọ́ á dín kù, àmọ́ ọmọ lè kú sínú ẹyin tàbí kí ó jáde pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn tó wọ́. 28 sí 30°C ló fọkàn balẹ̀. 29 ni mo fara mọ́ jù.

Inú ike tí ẹyin wà gan-an ni kí ẹ ti wọn ooru, kí ẹnu tẹ̀mómítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Òkè ẹ̀rọ tí a fi ń pa ẹyin sábà máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹyin tó wọ̀ ọ́.

Fún 100 gíráàmù vermiculite (ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òkúta tó ń fa omi mu, tí a ń sin ẹyin sí), omi 80 sí 100 gíráàmù tó. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dì mọ́ra, kí omi má kán. Ẹ sin ẹyin dé ìdajì, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sórí rẹ̀, ẹ má sì yí i padà láé.

Ẹyin tó bá tẹ̀ wọlé láìpẹ́ sígbà tí wọ́n yé e ń wá omi. Tó bá kù díẹ̀ kó pa, títẹ̀ yẹn kì í ṣe ewu. Àsìkò yẹn náà ni àwọn ọmọ inú ẹyin máa ń mú ooru tiwọn wá, nítorí náà ẹ máa yẹ tẹ̀mómítà wò lójoojúmọ́.