Ẹ tọ́jú fọ́tò ilé wa kí òjò tó le

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹbí. Òjò ti ń dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí fọ́tò àwọn òbí wa wà.

Álíbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù ayé àtijọ́ yẹn, èyí tí a máa ń ṣí ọ̀rá rẹ̀ ká tó tẹ fọ́tò mọ́ ọn, òun gan-an ni ọ̀tá. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì gbá fọ́tò mú. Ẹ má fi ipá fà á o! Ẹ fi òwú tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín rẹ́ ẹ lábẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹlẹ́yin ṣe ń fi òwú gé ẹyin sísè. Bí kò bá gbà, ẹ fi fóònù yà á bó ṣe wà, lẹ́bàá fèrèsé, láìtan iná fóònù. Bákan náà ni kí ẹ fi fóònù ya èyí tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù.

Inú àpò ìwé funfun ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ wá tò wọ́n sínú páálí tó ní ìdérí, nínú wọ́dúróòbù. Kì í ṣe òkè àjà, ooru páànù pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ bá wọn gbé.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn, ní etí, kì í ṣe báírò, torí íǹkì máa ń yọ síwájú. Màmá àgbà ló mọ ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ tètè bi wọ́n.