Bí mo ṣe febi pa ìrèké láti mọ iṣẹ́ tí náítírójìn ń ṣe nínú ewé rẹ̀

Pé ìrèké tí kò rí ajílẹ̀ jẹ kì í ga, kì í sì í sanra, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tó ń lọ nínú ewé rẹ̀ gan-an nígbà tí náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ inú ajílẹ̀, bá wọ́n ọn ni mo fẹ́ fojú ara mi rí. Ni mo bá gbin méjì: Alájẹyó àti Elébi.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni mo lu ihò sí nísàlẹ̀. Yanrìn ni mo rọ sínú wọn, èyí tí mo fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara, torí ilẹ̀ lásán á ti ní náítírójìn tirẹ̀. Mo ri ìrèké olójú kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ajílẹ̀ kan náà ni mo ń bù fún wọn, àmọ́ mo yọ gbogbo ohun tó ní náítírójìn kúrò nínú ti Elébi. Kálísíọ́ọ̀mù kúlóráìdì ni mo fi rọ́pò kálísíọ́ọ̀mù náítíréètì tó ní náítírójìn nínú, kí kálísíọ́ọ̀mù má baà tún wọ́n ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn méjèèjì ṣì rí bákan náà. Mo ní àfàìmọ̀ kí n má ti ṣi omi bù. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó rántí pé oúnjẹ wà nínú igi tí mo rì mọ́lẹ̀: ọmú ìyá ni Elébi ṣì ń mu!

Nígbà tí ọmú gbẹ, ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n. Ó ń pọ́n bọ̀ láti ṣóńṣó, nígbà tí ewé òkè ṣì tutù. Ńṣe ni ìrèké ń tú náítírójìn inú ewé àgbà, tó ń gbé e fún ewé ọmọdé. Ká ní èròjà irin (iron) ló wọ́n ọn ni, ewé tuntun ni ì bá kọ́kọ́ pọ́n.

Nígbà tó yá, mo já ewé kọ̀ọ̀kan láti ibi kan náà lára àwọn méjèèjì, mo gbé wọn sójú oòrùn. Ti Alájẹyó dí mi lójú. Ti Elébi, mo ń rí òjìji ìka mi láti òdìkejì. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú ewé náà kọjá yẹn, ìmọ́lẹ̀ tí kò rí lò ni. Kulorofíìlì, ìyẹn àwọ̀ tútù inú ewé, tó yẹ kó mú un ti dínkù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, átọ́ọ̀mù náítírójìn 4 ló wà nínú móléékù kulorofíìlì kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kọ́. Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PEP carboxylase ló ń mú káábọ́nì-dayọ́sáìdì nínú ewé ìrèké, wọ́n á wá gbé e lọ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí iṣan ewé ká, níbi tí òṣìṣẹ́ kejì, Rubisco, ti ń gbà á ṣe ṣúgà. Nítorí ètò yìí, Rubisco tí ìrèké nílò kò tó ti ìrẹsì. Síbẹ̀, púrótéènì ni òṣìṣẹ́ méjèèjì, náítírójìn la sì fi ń mọ púrótéènì. Tó bá wọ́n, kí oòrùn máa ràn bó ṣe wù ú, òṣìṣẹ́ ò sí nídìí iṣẹ́.

Níkẹyìn, mo po yúríà, ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, díẹ̀ mọ́ omi Elébi. Ewé tó yọ lẹ́yìn ìgbà náà dúdú mìnìjọ̀. Èyí tó ti gbẹ létí kò padà bọ̀ sípò. Mo já a dànù.