Jíìpù Mánúà Òde Òní: Bí Ẹ Ṣe Lè Bá A Gbé Láìjà

Ẹni tó ti fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kó obì jáde lóko Rẹ́mọ rí, tó wá bọ́ sínú Jimny tàbí Hilux mánúà tuntun, lè kọ́kọ́ rò pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀ náà. Nǹkan kan ò ṣe é. Kọ̀ǹpútà ló wà láàárín ẹsẹ̀ yín àti ẹ́ńjìnnì báyìí, ó sì fẹ́ kí ohun gbogbo máa tẹ̀lé ara wọn létòlétò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí sítáàtì. Kò ní í sítáàtì àfi tí kílọ́ọ̀ṣì bá wọlẹ̀ pátápátá, torí súìṣì kékeré kan wà lókè pẹ́dà rẹ̀. Tó bá kọ̀ lójijì, ẹ má tíì pe rìwáyà. Ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín ná: kápẹ́ẹ̀tì tó ti ká jọ sábẹ́ pẹ́dà ló sábà máa ń fà á. Bí bátìrì bá sì kú fin-ín-fin-ín, títì lásán kò lè jí i bíi ti àtijọ́. Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń fa epo ń fẹ́ iná kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, nítorí náà wáyà tí wọ́n fi ń yá iná lára bátìrì ọkọ̀ mìíràn ni kí ẹ máa gbé dání.

Ẹ ó tún rí i pé bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́ròtù tí ẹ sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì ṣì máa ń ké díẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí èéfín epo tí kò jóná tán má baà pọ̀. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́ròtù díẹ̀ kí ẹ tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ má sì kánjú ju gíà. Tí gíà kejì bá ń le láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ títí ọ́ìlì yóò fi gbóná. Ọ́ìlì gíà tí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ ni kí ẹ rà. Tó bá ní 75W-90 GL-4, ẹ má gba GL-5 lọ́wọ́ ẹni tó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Imí ọjọ́ tó wà nínú GL-5 pọ̀ jù, ó lè máa jẹ òrùka idẹ tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù ni 4H, ìyẹn ibi tí ọ̀pá máa ń wà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí eré tó wọ́pọ̀. Ẹ má fi wa ọkọ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde. Jimny àti Hilux kò ní ohun tó ń jẹ́ kí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn sáré yàtọ̀ síra nígbà tí ẹ bá yà, ọ̀dà kò sì ní í jẹ́ kí táyà yọ̀, irin abẹ́ ọkọ̀ ló máa lọ́. Sítíárìn á wúwo, ọkọ̀ á máa ta bí ẹni tí wọ́n fà sẹ́yìn, ọ̀pá 4H á sì há. Ẹ má fi agbára fà á. Ẹ rìfáàsì gbọọrọ bíi mítà mẹ́wàá, yóò tú.

Ti 4L, tó ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára púpọ̀, yàtọ̀: ẹ dúró pátápátá, ẹ fi gíà sí fíríì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó fà á. Tó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yí díẹ̀ kí ẹ tún gbìyànjú. Eyín gíà ni kò ṣe déédéé. Nínú ẹrẹ̀ tó ki bí ìkókorẹ́, ẹ fi gíà kejì nínú 4L bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì títí ẹ ó fi jáde. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ dé ìlàjì ni yóò gbọ́ òórùn bí irun tó ń jó. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró, ẹ fi sí fíríì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú kó lè tutù. Nínú iyanrìn ọ̀nà Àbígí, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí PSI 18 tàbí 20, ẹ má sáré, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun ọ̀dà.

Ọkọ̀ lè kú mọ́ yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń gun òkè tí àgbàrá ti wọ́. Níbí ni àṣà àtijọ́ ti ń tan ènìyàn jẹ. Tẹ́lẹ̀, ẹ lè sítáàtì pẹ̀lú gíà lára, ọkọ̀ á sì máa wọ́ lọ. Súìṣì kílọ́ọ̀ṣì kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ bíréèkì gírígírí, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ má fọwọ́ kan kílọ́ọ̀ṣì ṣáájú, torí gíà ló di ọkọ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi rìfáàsì sí i, kí ẹ tún tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì kú. Ọkọ̀ ti ní ìdákọ̀ró méjì nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ to sítíárìn tọ́. Ẹ wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bíréèkì, ẹ sítáàtì, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mú, ẹ tú bíréèkì ọwọ́, ẹ sì rọra tú ti ẹsẹ̀. Ó di ẹ̀yìn ní gbọọrọ. Ẹ má yà, ẹ má sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́: bí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ sí òkè, ó lè dojú dé.

Ìrànlọ́wọ́ tó ń di ọkọ̀ mú lórí òkè kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ lára Jimny. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá mú yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má fi ẹ̀mí ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn lé e lọ́wọ́. Bíréèkì ọwọ́ ló dájú.

Ẹ má sì ki dífù gbígbóná, ìyẹn àpótí gíà tó wà láàárín táyà méjì lábẹ́ ọkọ̀, bọ odò. Ó máa tutù lójijì, á fa omi wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì ibi tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì sí i, kí ẹ ki ìka bọ̀ ọ́: tí ọ́ìlì bá funfun bí omi ògì, ẹ dà á nù lọ́jọ́ náà, kí ẹ rọ tuntun títí yóò fi kan ẹnu ihò, pẹ̀lú ọkọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú.