Bí a ṣe ń wá ilé fún àgbà ajá tó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́

Ọmọ ajá kì í pẹ́ nílẹ̀ kí ẹnìkan tó wá gbé e. Àgbà ajá ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé èyí ṣì lè lé olè?" Bẹ́ẹ̀ àgbà ajá tó níwà pẹ̀lẹ́ rọrùn bá gbé ju ọmọ ajá lọ. Kì í ya bàtà jẹ, kì í sì í fi gbogbo òru ké. Àwọn baba wa ṣáà ti sọ pé àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é ní Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ kọ síbí, láti ìgbà tí ajá bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó gbà á tọ́ fúngbà díẹ̀ títí tí yóò fi dé ilé tí yóò ti lo ìyókù ayé rẹ̀. Màá máa fi Bingo ṣe àpẹẹrẹ, ajá pupa kan tó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ ní Ìtòkú.

Dókítà ẹran ló kọ́kọ́ kàn

Ẹ má tíì ya fọ́tò kankan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ná. Ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wa, wà lójú ọ̀nà Alabata, àwọn dókítà aládàáni náà sì wà láàárín ìlú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ni ẹ kò gbọdọ̀ fò, nítorí bí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára ajá tàbí ènìyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ náà kí ẹ sì fi pamọ́. Bí ajá tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ bá ti gé ẹnìkan jẹ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí onítọ̀hún fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Kó má fi epo tàbí ata sí i.

Oògùn aràn àti oògùn eégbọn tẹ̀lé e. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí eégbọn máa ń kó àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, yóò máa rẹ ajá náà, ẹ̀yin ó sì máa rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò ni eyín. Ajá tó ń dákẹ́ lè jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan ló ń dùn ún. Bingo máa ń yí orí sí ọ̀tún bó bá ń jẹun, á gbé ẹran sẹ́nu, á tún tu ú sílẹ̀, á wá máa lá a. Wọ́n ní ó ti darúgbó ni. Ìgbà tí dókítà yọ eyín tó jẹrà lápá òsì ló tó jẹun bí ajá. Bí ara ń ro ó, ẹ má fún un ní paracetamol tàbí ibuprofen tó wà nílé. Oògùn ènìyàn wọ̀nyí lè pa ajá.

Ẹ kọ́ ìwà rẹ̀

Ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé àjèjì kì í fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé. Kí ló ń ṣe bí ẹnìkan bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀? Bí ọmọdé bá sáré? Adìyẹ àti ewúrẹ́ àdúgbò ńkọ́? Ṣé ó lè dá wà nílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? Ṣé ó lè gun àtẹ̀gùn? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe eré ní ìlú tí ilé pọ̀ lórí àpáta bíi tiwa.

Ohun tí wọ́n kọ nípa Bingo ni pé bí màmá tó ń ta àdìrẹ níwájú ilé bá tẹ́ aṣọ sílẹ̀, etí aṣọ ló máa ń sùn sí, kì í tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí ẹni tó mú ọ̀pá dání, kódà bó jẹ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀, abẹ́ bẹ́ǹṣì ló ń sá lọ.

Fọ́tò àti ìkéde

Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ya fọ́tò, níta, kí ẹ lóṣòó kí ojú yín àti ojú rẹ̀ dọ́gba. Ẹ bọ́ ṣéènì tó nípọn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ òótọ́, àléébù rẹ̀ pẹ̀lú. Ìkéde tó ń yin ajá láti orí dé ìrù ni ajá náà fi máa ń padà wálé lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ wo ti Bingo:

"Akọ ajá pupa, dókítà fojú bù ú sí nǹkan bí ọdún 9. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ó fẹ́ràn àgbàlagbà àti ọmọ tí kì í pariwo. Ó ń bẹ̀rù ọ̀pá. Oúnjẹ rírọ̀ ló ń jẹ. Kì í ṣe ajá ọlọ́dẹ: bí àlejò bá dé, ó máa gbó lẹ́ẹ̀kan, á sì padà lọ sùn. A ń wá ilé tó dákẹ́, tí kò ní àtẹ̀gùn púpọ̀."

Ẹ gbé e sórí WhatsApp àdúgbò, ti ìjọ àti ti ẹgbẹ́, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé yín síbẹ̀.

Ta ni yóò gbà á?

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká má fi bò: ajá lè di ẹran nílùú wa. Ajá ni Ògún ń jẹ, 404, bí wọ́n ṣe ń pe ẹran ajá, sì ní oníbàárà tirẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ọbẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ajá tí a yọ nínú ewu kò sí lára ìyẹn. Ẹni tó bá béèrè bó ṣe sanra tó kó tó béèrè orúkọ rẹ̀, tàbí tó ní kí ẹ gbé e fún ọlọ́kadà láìwá wò ó, ẹ sọ fún un pé ajá ti rí ilé.

Ẹni tó fẹ́ ajá tí yóò ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Láfẹ́nwá kì í ṣe ènìyàn burúkú, ajá míì ló yẹ ẹ́ ni.

Ẹ béèrè bóyá lánlọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́nu lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí yóò máa sùn àti ẹni tí yóò máa bọ́ ọ bí wọ́n bá rìnrìn àjò. Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni: "Ajá tí ẹ ní tẹ́lẹ̀, kí ló ṣe é?" Ẹni tó tọ́jú ajá rí á sọ ìtàn rẹ̀ fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí ajá mẹ́ta ti "sọnù" mọ́ lọ́wọ́, ẹ kí i kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ lọ wo ilé náà. Ẹ wo abẹ́ géètì, gọ́tà tó ṣí sílẹ̀, àti ibòji tó wà ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọjọ́ tí yóò lọ

Ẹ gbé ẹní tó ń sùn lé lọ pẹ̀lú rẹ̀, láìfọ̀ ọ́, kí ó lè gbóòórùn ohun tó mọ̀. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ ọjọ́ díẹ̀ nínú irú èyí tó ń jẹ, torí ìyípadà òjijì máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó. Kí wọ́n má fún un ní egungun tí a ti sè, àlùbọ́sà tàbí ṣokoléètì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí kò bá bá wọn lára mu, ọ̀dọ̀ yín ni kí wọ́n dá a padà sí, kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lè jẹ́ kìkì oorun àti ìfarapamọ́, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ ìṣe ilé, àti oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ilé òun nìyí. Bó bá jẹ́ pé oṣù December ni, kí wọ́n máa mú un wọlé lálẹ́ nítorí báńgà. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé dáadáa ló wà?" torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sọ. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti yàgbẹ́, àti ibi tó sùn lánàá. Bí kò bá tíì jẹ nǹkan kan láti ọjọ́ tó ti dé, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.